Ẹ̀rí ni kí a kó jọ nípa ilé tuntun lórí ilẹ̀ àkúnya
Ẹ̀yin ará àdúgbò, bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ilé tuntun sórí ilẹ̀ tí omi máa ń bò, ẹ má jẹ́ kí a gbẹ́kẹ̀ lé ariwo, nítorí ẹ̀rí ni àwọn aláṣẹ máa ń wò. Kí ẹni tí ó bá ní fọ́tò ibẹ̀ nígbà tí omi kún kọ ọjọ́ sí i, kí a sì wọn ìlà ẹrẹ̀ tí omi fi sílẹ̀ lára ògiri, kí ẹnikẹ́ni tó fi ọ̀dà bò ó (àwọn tí ń ta ilẹ̀ kì í fi èyí falẹ̀).

Ìbéèrè tí ó wúwo jù ni pé, níbo ni omi náà yóò gbà lọ? Bí wọ́n bá da yẹ̀pẹ̀ sí ilẹ̀ náà kí ó lè ga, omi tí ó ti ń dúró níbẹ̀ kò ní parẹ́. Ilé tí ó wà nísàlẹ̀ ni yóò yà sí, pàápàá nígbà tí kọnkéré kò bá jẹ́ kí ilẹ̀ fa òjò mu mọ́. Ẹ jẹ́ kí a béèrè ẹni tí yóò máa kó gọ́tà lẹ́yìn tí wọ́n bá ta ilé tán.

Bí wọ́n bá ní ọgọ́rùn-ún ọdún ni irú àkúnya bẹ́ẹ̀ fi ń wáyé lẹ́ẹ̀kan, ìdá 1 nínú 100 ni ewu rẹ̀ lọ́dọọdún, èyí tí ó ju ìdá 25 nínú 100 lọ láàárín 30 ọdún.

Kí gbogbo wa fọwọ́ sí lẹ́tà kan ṣoṣo, kí ó sì dé ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ kí wọ́n tó fún àwọn tí ó fẹ́ kọ́lé ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé.