Bí mo ṣe bá ẹ̀gbọ́n mi kó ìwé tẹ́ńdà iṣẹ́ báráàkì jọ n'Iléṣà

Mi ò kí ń ṣe sójà, mi ò sì kí ń ṣe kọ́ńtírátọ̀ o. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kékeré ni mo ní l'Ìsọ̀kún n'Iléṣà níbí, mo ń tẹ ìwé, mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Ẹ̀gbọ́n mi ni kọ́ńtírátọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, ọwọ́ wọn dáa gan-an nídìí ilé kíkọ́ ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ ìwé, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan ni wọ́n já wọlé pẹ̀lú ìwé ìròyìn lọ́wọ́, wọ́n ní "Àbúrò, wo ibí yìí, iṣẹ́ báráàkì ni, wọ́n fẹ́ tún ilé tí àwọn sójà ń gbé ṣe, wá bá mi ṣe é." Mo ní kò burú, ká jọ kó ìwé tẹ́ńdà jọ, ìyẹn ìwé tí kọ́ńtírátọ̀ fi ń du iṣẹ́ ìjọba. Mi ò mọ ohun tí mo ń tọrùn bọ̀.

Òfin tí gbogbo ẹ̀ dúró lé ni Public Procurement Act ti 2007, òfin tó ń darí bí ìjọba àpapọ̀ ṣe ń ra nǹkan àti bí wọ́n ṣe ń gbé iṣẹ́ síta. Ẹ̀gbọ́n ti gbọ́ níbì kan pé iṣẹ́ ológun ò sí lábẹ́ òfin yẹn rárá, pé ọ̀gá sójà kàn máa ń pe ẹni tó bá wù ú ni. Mo wá wá ìwé òfin náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo jókòó kà á. Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀ ṣá, ìsọ̀rí 15 sọ pé nǹkan àkànṣe tó bá jẹ mọ́ ààbò orílẹ̀-èdè ò sí lábẹ́ òfin náà àfi tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n páànù tó ń jò àti ṣaláńgá tó dí, àkànṣe wo ló wà níbẹ̀? Ìpolówó yẹn gan-an ti kọ ọ́ gàdàgbà pé òfin 2007 làwọn máa tẹ̀ lé.

Ìgbà àkọ́kọ́ tá a gbìyànjú, a fìdí rẹmi, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìdí ẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń béèrè pọ̀ bí ìdì igi: ìwé CAC tó fi hàn pé kọ́ńpìnì ti forúkọ sílẹ̀, ìwé owó orí ọdún mẹ́ta, ìwé PenCom ti owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, ti ITF fún owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, ti NSITF fún owó ìbánigbófò òṣìṣẹ́ tó bá fara pa, ìwé pé orúkọ kọ́ńpìnì wà lọ́dọ̀ BPP, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ àgbéṣe, àkọsílẹ̀ owó ọdún mẹ́ta tí òǹṣirò owó ti lu òǹtẹ̀ sí, àti ìwé ìbúra láti kóòtù pé kò sí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gbéṣẹ́ síta tó jẹ́ ọ̀gá nínú kọ́ńpìnì wa àti pé wọn ò dá ọ̀gá kankan nínú wa lẹ́bi ìwà ọ̀daràn rí. Gbogbo ẹ̀ la kó jọ pátá. Àmọ́ ìparí November ni ìpolówó jáde, òfin sì ní ó kéré tán kí wọ́n fún èèyàn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti múra, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, oṣù January ni wọ́n máa ṣí i nìyẹn. Ìwé PenCom, ITF, NSITF, 31 December ni gbogbo wọn ń kú, ì báà jẹ́ àná lo gbà á. Ìpolówó ti sọ pé ti ọdún tuntun làwọn fẹ́, a ò kà á débẹ̀. Bí wọ́n ṣe já wa dànù nìyẹn o, wọn ò tiẹ̀ wo iye tá a kọ.

Ìgbà kejì, mo fi kálẹ́ńdà kọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, mo fi bírò pupa fa ìlà sí ọjọ́ tí ìwé kọ̀ọ̀kan máa kú.

Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà ni bílì, ìyẹn ìwé gbọọrọ tí wọ́n to gbogbo iṣẹ́ sí, páànù mítà mélòó, ilẹ̀kùn mélòó, wàá wá kọ iye ẹyọ kan síwájú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń pè é, mo ń tẹ̀ ẹ́, oorun ti ń kùn wá. Ó ku díẹ̀ ká tẹ̀ ẹ́ jáde ni mo rí i pé ilẹ̀kùn tí wọ́n pè ní 45,000, mo ti tẹ̀ ẹ́ sí 4,500, àròpọ̀ ìwájú ẹ̀ sì jẹ́ ti 45,000. Àyà mi já. Ohun tí ìwé tẹ́ńdà sọ ni pé tí iye ẹyọ kan àti àròpọ̀ ò bá bára mu, iye ẹyọ kan ni wọ́n máa mú, àròpọ̀ ni wọ́n máa tún ṣe. Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n máa gbé ilẹ̀kùn fún ìjọba ní 4,500, ta ló máa tà á fún wọn n'iye yẹn lọ́jà Atákúnmọ́sà?

Ẹnì kan tá ò mọ̀ rí wá pe ẹ̀gbọ́n lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní òun lè bá wa rìn ín tá a bá yọ nǹkan sílẹ̀. Mo ṣí ìsọ̀rí 58 nínú òfin 2007 fún ẹ̀gbọ́n kà, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá, kò sí owó ìtanràn. Ẹ̀gbọ́n pa fóònù, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ sùn.

A di ìwé sínú ẹ́ńfílóòpù méjì, ti iṣẹ́ lọ́tọ̀, ti owó lọ́tọ̀, a lẹ̀ ẹ́ pa. Gbangba ni wọ́n ti ṣí i, gbogbo wa kọ orúkọ sílẹ̀, ti iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Àwọn tó yege nìkan ni wọ́n pè padà fún ti owó, wọ́n ń ka iye oníkálukú sókè ketekete. Tiwa kọ́ ló kéré jù. Ẹni tó kéré jù, wọ́n padà já a nígbà tí wọ́n yẹ ìwé owó rẹ̀ wò tí kò pé, torí òfin ò ní kí wọ́n gbé e fún ẹni tó kéré jù lásán, ẹni tó kéré jù nínú àwọn tí ohun gbogbo wọn pé ni.

Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ sí wa lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ò gba owó mọbiláísẹ́ṣàn, ìyẹn owó tí wọ́n máa ń san sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lòfin 2007 sọ pé kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní onídùúró láti báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò, báńkì sì ń béèrè ìwé ilé bàbá wa. Onídùúró iṣẹ́, ìyẹn ẹ̀rí pé a máa ṣe iṣẹ́ náà parí, ti ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún nìkan gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Nígbà tíṣẹ́ ń lọ, ọ̀gá sójà kan ní ká bá òun fi kíṣìnì kékeré kan kún un, ẹ̀gbọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa fi sínú lẹ́tà. Lẹ́tà ò dé, kíṣìnì ò sí.

Iṣẹ́ ti parí, wọ́n ti gbà á. Ó ku ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ tí wọ́n dá dúró fún ọdún kan, bóyá ògiri á là. Ọdún ti pé, a ti kọ̀wé béèrè, òfin sì sọ pé tó bá ti kọjá ọgọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn ìwé ìsanwó, èlé ti ń gun orí ẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ní ọmọ Ìjẹ̀ṣà làwọn, òṣómàáló ni bàbá àwọn, àwọn máa lọ lóṣòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi sanwó. Mo ní ẹ̀gbọ́n, géètì sójà lẹ fẹ́ lọ lóṣòó sí?