Wáyà ni ò jẹ́ kí pọ́pà mi dún, kì í ṣe ọwọ́ mi

Ẹ bá mi wò ó o, ₦4,500 ni mo fi ra wáyà kékeré kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ta nǹkan ìpẹja, wáyà ọ̀hún ló sì ba gbogbo nǹkan jẹ́ fún mi. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Texas ló kó pọ́pà wá fún mi nígbà tó wálé ọdún. Ẹni tí ò bá mọ pọ́pà, ìdẹ oníke tó ń léfòó ni, wọ́n gbẹ́ iwájú ẹ̀ ní kòtò, tẹ́ ẹ bá fa okùn fìrì, kòtò yẹn á gbá omi pẹ̀lú afẹ́fẹ́, á dún “pọ̀!”, ẹja tó wà nísàlẹ̀ á rò pé ẹja kékeré tàbí ọ̀pọ̀lọ́ ló ń jà lókè. Ẹja bass ni wọ́n fi ń mú lọ́hùn-ún. Bass ò sí lódò tiwa, àmọ́ ní dáàmù Ọbà l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹja kan wà tí ẹnu ẹ̀ gùn, tí eyín ẹ̀ mú ṣóńṣó, ẹ̀bá koríko ló máa ń lúgọ sí, nǹkan kékeré ò gbọdọ̀ mira lórí omi, ó ti fò mọ́ ọn nìyẹn.

Eyín yẹn ni wàhálà. Ẹnu bass kàn rí háráhárá bíi sáńpépà ni, kò lè gé okùn, ìdí nìyẹn táwọn tó wà nínú fídíò fi máa ń so okùn mọ́ pọ́pà tààrà. Èmi náà so ó bẹ́ẹ̀, ẹja sì gé pọ́pà aláwọ̀ ewé tí mo fẹ́ràn jù mọ́ mi lọ́wọ́, ó gbé e lọ. Bí mo ṣe di oníbàárà wáyà nìyẹn, èyí tí wọ́n máa ń so sáàárín okùn àti pọ́pà kí eyín ẹja má bàa gé okùn.

Wáyà yẹn nípọn, ó ní swivel lórí, ìyẹn irin kékeré tó máa ń yí kí okùn má bàa lọ́, ó tún ní ìkọ́ onírin nídìí. Mo so ó, mo jù ú sómi, mo fà á. Kò dún! Ṣe ló kàn ń rì wọlé, imú ẹ̀ á kọ́kọ́ lọ, á tún yọjú jáde bí ẹni tó sùn. Mo padà lọ bá ọ̀gbẹ́ni tó tà á, ó ní, “Brọ̀dá, ọwọ́ yín ni ò tíì mọ̀ ọ́n fà, ẹ máa fi agbára sí i.” Mo fi agbára sí i, ló bá kúkú ń yí gbiri, ìwọ̀ ẹ̀ ń kọ́ okùn, èjìká ń ro mí, ẹja kankan ò sì wò mí lójú. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni wọ́n ń sọ, ọwọ́, ọwọ́, bí ẹni pé mi ò lọ́wọ́ rí.

Ni mo bá gbé pọ́pà sínú dúrọ́ọ̀mù omi nílé. Ìyá onílé wa ní, “Àbúrò, ṣé ẹja ti wọ dúrọ́ọ̀mù wa ni?” Mo ní rárá Mà, mò ń dán nǹkan wò ni. Láìsí wáyà, ìdí pọ́pà rì díẹ̀, kòtò ẹnu ẹ̀ sì yọ sókè omi dé ìdajì. Mo gbé wáyà kọ́ ọ, imú wọlẹ̀ pátápátá! Kòtò tó ti wà lábẹ́ omi, níbo ló ti fẹ́ rí afẹ́fẹ́ tó máa fi dún? Irin tí wọ́n tà fún mi ló wúwo jù, ọwọ́ mi ò jẹ gbèsè kankan.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní Sábó ni mo ti rí ojútùú. Wọ́n ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ọ̀rá bò tí wọ́n fi ń sín ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n tún ní àwọn irin kéékèèké tí wọ́n fi ń tẹ ẹnu ẹ̀ pa, owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Mo gé e kúkurú, mo yọ swivel dànù, mo ṣe ojú ibi tí mo ti so ó mọ́ pọ́pà ní òrùka gbọ̀ọ̀rọ̀ kí imú ẹ̀ lè máa jó. Ìfà àkọ́kọ́, pọ̀! Àfi bíi pé kí n pe gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ wá wò ó.

Jíjù ẹ̀ sómi, ẹ mọ ìyẹn. Okùn náílọ́ọ̀nù lásán ni kẹ́ ẹ lò, oríṣi okùn ìpẹja kan tí wọ́n ń pè ní fluorocarbon máa ń rì, ó tún máa ń fa imú wọlẹ̀ ni. Ẹ kọ orí ọ̀pá sísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí okùn dẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fà á fìrì, lẹ́yìn náà ẹ fi í sílẹ̀ títí omi á fi pa rọ́rọ́, torí ìgbà tó bá dúró yẹn gan-an lẹja máa ń gbé e. Tí atẹ́gùn bá ń ru omi, ẹ jẹ́ kó dún dáadáa. Tó bá pa rọ́rọ́, ẹ rọra. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ló dáa. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ariwo ẹja, ẹ má tíì fà á o, ẹ dúró kí ọwọ́ yín gbọ́ ìwúwo ẹ̀ ná.

Kẹ́ ẹ sì mú pláyà dání. Ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta ló wà nídìí pọ́pà, ẹja yẹn kì í sì í dúró jẹ́ẹ́ kẹ́ ẹ yọ ọ́ lẹ́nu ẹ̀, ẹ bi àtàǹpàkò mi léèrè.