Bí Ẹ Ṣe Máa Yan Ixora Tí Kò Ní Kú Mọ́ Yín Lọ́wọ́

Òdòdó pupa tó ṣù lórí ixora, igi kékeré tí wọ́n ń gbìn fún ẹwà, ló máa ń fa ojú oníbàárà mọ́ra, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ wò kẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ di ìsàlẹ̀ igi rẹ̀ mú, kẹ́ ẹ mì í díẹ̀. Tó bá ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ín sínú náílọ́ọ̀nù ni, gbòǹgbò rẹ̀ ò tíì ranlẹ̀. Ẹ wá gbé náílọ́ọ̀nù náà sókè. Gbòǹgbò tín-ín-rín tó funfun lẹ́nu ihò kò burú. Èyí tó nípọn, tó ti wọ ilẹ̀ lọ, ló léwu: bí olódòdó bá fi ipá fà á tu, ó já nìyẹn, ewé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ kẹ́ ẹ tó délé. Tí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ bá ń rùn bí ẹrẹ̀ gọ́tà, gbòǹgbò ti ń jẹrà.

Ẹ yí ewé padà. Ohun funfun bí òwú tó há sí ibi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, kòkòrò tó ń fa omi ara igi ni. Bí èèrà bá tò gun igi náà, ẹ fura: omi dídùn tí kòkòrò yẹn ń tọ̀ ni wọ́n ń lá, ibi tó bá sì kán sí ló máa ń dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ má gbà á, kódà ní ìdajì owó. Yóò kó ran àwọn tó wà nílé.

Ewé tó pọ́n, àmọ́ tí iṣan rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, ebi ló ń pa á. Símẹ́ńtì inú ilẹ̀ kì í jẹ́ kí ixora rí èròjà irin fà, nítorí náà ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 60 sílẹ̀ láti ara ògiri tẹ́ ẹ bá ń gbìn ín.

Ó wá kan òdòdó. Èyí tí ìrudi rẹ̀ pọ̀, tí díẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, ni kẹ́ ẹ mú.

Ẹni tó fẹ́ tò ó bí ọgbà yí ilé ká gbọ́dọ̀ béèrè bóyá kúkúrú ni àbí gíga. Kúkúrú ń fẹ́ àlàfo sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45. Gíga ń fẹ́ 60 sí 90. Mítà 6 ní àlàfo 60 yóò gba igi 11. Èyí tó yọ ẹ̀ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ìsàlẹ̀ sàn ju ọ̀pá gíga kan ṣoṣo lọ, torí ìsàlẹ̀ ọgbà yẹn ò ní ṣófo.

Náílọ́ọ̀nù ni kẹ́ ẹ dì mú tẹ́ ẹ bá ń gbé e, kì í ṣe ọrùn igi. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ò lórùlé ló wà, ẹ fi aṣọ tútù bò ó.