Bùbá ni ká fi bẹ̀rẹ̀

Ẹ má tíì fi léèsì olówó ńlá kọ́ṣẹ́ o. Ẹ ra áńkárá yáàdì 2 ní Balógun, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lọ̀ ọ́ kí ẹ tó gbé e wá sí kíláàsì mi ní Yábàá, torí aṣọ òwú máa ń súnkì.

Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì wọ̀n yín. Ẹni tó bá ń tẹrí ba wo téèpù lára ara ẹ̀, òǹkà àyà á ti yàtọ̀. Ẹ fi íńṣì 6 kún ti àyà, ẹ pín in sí 4, kí ẹ wá fi íńṣì 1 sílẹ̀ fún ojú ìrán. Ìyẹn ni ìbú bùbá yín tí ẹ bá ti ṣẹ́ aṣọ po sí mẹ́rin.

Ẹ gé ti apá sọ́tọ̀. Ẹ ṣẹ́ ìyókù po sí méjì ní gígùn, ẹ tún ṣẹ́ ẹ po sí méjì ní ìbú. Igun tí gbogbo ìṣẹ́po ti pàdé, ibẹ̀ lọrùn wà. Ẹ gé e kéré! Ọrùn kékeré ṣeé gbẹ́ sí i. Èyí tó ti já dé àyà, àfi kí ẹ máa fi ìborùn bò ó.

Ẹ so apá mọ́ ọn kí ẹ tó rán ẹ̀gbẹ́.

Máṣíìnì ọlọ́wọ́ ni mo fi ń kọ́ni. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í dúró de iná, kì í sì í sáré ju ọwọ́ ẹni lọ.