Bí Ẹ Ṣe Ń Fi Ọwọ́ Ara Yín Da Máàkì Nù Nídìí Ìbéèrè Nọ́ńbà

1. Nínú ìbéèrè ìfiwéra nọ́ńbà (number analogy), wọ́n máa ń ní kí ẹ wá òfin kan ṣoṣo tó so nọ́ńbà pọ̀ ní méjì méjì. Èyí tó ń bíni nínú jù ni kí èèyàn rí òfin kan lára nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́, kó sì dì í mú bí ẹni rí owó he. Ẹ wo èyí: 3 : 12 :: 5 : 30 :: 8 : ? (ìyẹn ni pé, bí 3 ṣe di 12, tí 5 sì di 30, kí ni 8 máa dà?) Wọ́n á ní "3 lọ́nà 4 ni 12, ó ti parí," ni wọ́n bá mú 32. Wọn ò tiẹ̀ bojú wo 5 àti 30. Ṣé ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi ìyẹn ṣe níbẹ̀ ni? Ọ̀nà tí 3 lè gbà di 12 kò mọ sí ẹyọ kan. Ó lè jẹ́ pé a fi 9 kún un, ó lè jẹ́ 3 lọ́nà 4, ó sì lè jẹ́ 3 lọ́nà 3 tí a wá fi 3 lé e. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, kí ẹ gbé wọn lọ bá 5 níkọ̀ọ̀kan. Fífi 9 kún un fún wa ní 14, ẹ pa á rẹ́. 5 lọ́nà 4 jẹ́ 20, ẹ pa ìyẹn náà rẹ́. 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25, ẹ fi 5 lé e, ó di 30. Òun nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni 8 ṣe máa di 64 àti 8, ìyẹn 72. Ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí 17 àti 32 bá wà lára ìdáhùn tí wọ́n tò sílẹ̀. Ẹni tó ṣe ìbéèrè ti mọ ibi tí ẹ máa sáré gbà.

2. Ẹ ò mọ square 1 dé 30 àti cube 1 dé 12 lórí. Ẹ lọ há a.

3. Ẹ kì í ka ìlànà. Nínú ìdánwò SSC (Staff Selection Commission) tí wọ́n fi ń gba òṣìṣẹ́ ìjọba ní Íńdíà, wọ́n máa ń kọ ọ́ sábẹ́ irú ìbéèrè yìí pé kí ẹ má fọ́ nọ́ńbà: 13 ni kí ẹ bá ṣiṣẹ́, kì í ṣe 1 àti 3. Níbi tí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ò bá sí, ẹ lè fọ́ ọ: 43 : 12 :: 57 : 35, torí 4 lọ́nà 3 ni 12, 5 lọ́nà 7 sì ni 35.

Òmíràn tún ni kí wọ́n ka ìbéèrè sódì. 81 : 9 :: ? : 13, iwájú ni àlàfo wà, 169 ni ìdáhùn. Ẹ yé wá square root 13 kiri.

Àti prime, ìyẹn nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tó jẹ́ pé 1 àti òun fúnra rẹ̀ nìkan ló lè pín in géérégé! 13 : 17 :: 23 : ? Bí 27 (23 tí a fi 4 kún, bí 13 ṣe di 17) ò bá sí nínú ìdáhùn, prime tó kàn ni wọ́n ń bèèrè, 29.

Ti àkókò ńkọ́? Ìpele àkọ́kọ́ SSC CGL, ìdánwò SSC fún àwọn tó ti gboyè yunifásítì, jẹ́ ìbéèrè 100 ní 60 ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú àáyá 36 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń yọ ìdajì máàkì fún èyí tí ẹ bá ṣì. Bí òfin mẹ́ta bá ti já yín kulẹ̀, ẹ fò ó.