Ìyára Kì Í Ṣe Ìwàǹwara: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Ikọ̀ Ìlera Pàjáwìrì Tí Ó Ń Lọ Sí Ilẹ̀ Òkèèrè

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bá bẹ́ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kan, tí apá àwọn oníṣègùn ibẹ̀ kò sì ká a mọ́, àwọn ikọ̀ kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti tètè gbéra lọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ọdún 2000 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé dá àjọṣepọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní GOARN sílẹ̀ láti máa kó irú àwọn amọ̀ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jọ láti ilẹ̀ púpọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà dá ikọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2016, pẹ̀lú ìpinnu pé láàárín wákàtí 48 wọn yóò lè gbéra. Pípẹ́ léwu, a rí i ní ọdún 2014, nígbà tí wọ́n ti mọ̀ láti oṣù Kẹta pé Ẹ̀bólà ń jà ní Gíní, tí ó sì di ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde rẹ̀ ní ọ̀ràn pàjáwìrì fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí mo fẹ́ kìlọ̀ nípa rẹ̀ níhìn-ín ni ti ikọ̀ tí ó tètè dé, tí ó sì gbàgbé pé àlejò ni òun.

Ẹ má ṣe wọ ìlú onílùú láìjẹ́ pé àwọn aláṣẹ ibẹ̀ pè yín, kí ẹ sì má ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ẹ tó fara hàn ní ibùdó tí wọ́n ti ń darí ètò náà. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ tí ó wáyé ní Haiti ní oṣù Kìíní ọdún 2010, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ oníṣègùn ya wọ ibẹ̀ láìforúkọ sílẹ̀. Àwọn kan gé ẹsẹ̀ tàbí apá ènìyàn, wọ́n sì padà sílé láìfi àkọsílẹ̀ kankan sílẹ̀ fún ẹni tí yóò máa tọ́jú ojú ọgbẹ́ náà. Ìtìjú yẹn wà lára ohun tí ó mú kí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kalẹ̀ ní ọdún 2013 fún irú àwọn ikọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ikọ̀ ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ gbé oúnjẹ, omi, àgọ́ àti oògùn rẹ̀ dání, kí ó má baà di ẹrù lé ẹrù fún àwọn tí ó wá ràn lọ́wọ́. Ẹ fi èyí wé ti Èkó ní ọdún 2014. Àwọn àlejò láti Amẹ́ríkà àti láti Àjọ Ìlera Àgbáyé wá, ṣùgbọ́n ibùdó kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń darí ni wọ́n ti ń gba iṣẹ́. Wọ́n tọpa ènìyàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900 tí wọ́n ti fara kan aláìsàn, ní Èkó àti ní Port Harcourt. Ogún ènìyàn péré ni àrùn náà mú, ó pa mẹ́jọ, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh sì wà lára wọn. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, wọ́n ti kéde pé Ẹ̀bólà ti kúrò ní Nàìjíríà.

Ẹ má ṣe gbé àrùn tiyín lọ bá wọn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010 yẹn kan náà, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Haiti, níbi tí wọn kò ti gbúròó rẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìwádìí fi hàn pé láti àgọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ àlàáfíà tí ó wá láti Nepal ni ìgbẹ́ ti ṣàn wọ odò tí àwọn ará ìlú ń mu, ẹ̀mí tí ó sì bá a lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10,000. Ọdún mẹ́fà kọjá kí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó tọrọ àforíjì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn kì í ṣe ikọ̀ ìlera, ṣùgbọ́n kò sí ikọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn: ẹ ṣe àyẹ̀wò ara yín kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì mọ ibi tí ìdọ̀tí àgọ́ yín ń gbà lọ.

Àṣìṣe tí ó dùn mí jù ni ti ikọ̀ tí ó ka àṣà ìlú sí ìdíwọ́. Ẹ̀bólà a máa ràn láti ara òkú, nítorí náà òótọ́ ni pé wíwẹ òkú léwu gidigidi, ṣùgbọ́n kò sí ìdílé tí yóò yọ̀ǹda òkú wọn fún àjèjì tí ó fi aṣọ bo ara láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, tí kò kí ẹnikẹ́ni, tí ó sì gbé òkú lọ síbi tí wọn kò mọ̀. Nígbà tí ìjọba pàṣẹ ní Monrovia, olú-ìlú Làìbéríà, pé kí wọ́n máa sun òkú, àwọn ẹbí kan bẹ̀rẹ̀ sí gbé aláìsàn wọn pamọ́ sílé. Láàárín àwọn Kissi ní Gíní, èèwọ̀ ni kí wọ́n sin aboyún pẹ̀lú oyún nínú. Ẹ̀bólà pa aboyún kan, ẹbí rẹ̀ sì kọ̀ jálẹ̀ pé wọn kò ní sin ín bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá fi ọ̀bẹ kan òkú náà láti yọ oyún inú rẹ̀ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Julienne Anoko, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá tí ó ń bá Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣiṣẹ́, lọ jókòó ti àwọn àgbà títí wọ́n fi rí ètùtù tí a lè ṣe dípò. Wọ́n ṣe é, wọ́n sì sin obìnrin náà láìsí ìjà. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí àwa Yorùbá, nítorí ìsìnkú aboyún ní orò tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn baba wa pẹ̀lú.

Ibi tí ìfura bá ti gbilẹ̀, ọ̀rọ̀ lè di ti ikú. Ní gúúsù ìlà-oòrùn Gíní, àhesọ ti tàn kálẹ̀ pé oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fọ́n sí ọjà gan-an ni ó ń pín àrùn kiri. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, wọ́n pa ènìyàn mẹ́jọ ní abúlé Womey nínú àwọn tí ó wá là wọ́n lọ́yẹ̀ nípa Ẹ̀bólà, òṣìṣẹ́ ìlera àti akọ̀ròyìn wà lára wọn. Kò sí àwáwí fún ìpànìyàn. Síbẹ̀, ìwé pélébé tí a kọ ní èdè Faransé kò lè pa irú ìfura bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n mọ̀, tí ó ń sọ èdè ìdílé wọn, ni ó lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí ẹ ń ṣe. Ní Kóńgò ti Kinshasa, wọ́n lo yàrá ìtọ́jú tí ògiri rẹ̀ mọ́ gaara bíi gíláàsì, tí ìyá lè dúró níta kí ó máa wo ọmọ rẹ̀ lórí ibùsùn.

Ní Kóńgò yẹn náà ni ìwà ìbàjẹ́ tí kò ṣeé bò mọ́lẹ̀ ti wáyé. Ìgbìmọ̀ olómìnira kan jábọ̀ ní ọdún 2021 pé wọ́n fẹ̀sùn kan ènìyàn 83 tí wọ́n ṣiṣẹ́ lásìkò Ẹ̀bólà ọdún 2018 sí 2020 pé wọ́n fi ìbálòpọ̀ ni àwọn obìnrin lára, àwọn mìíràn nípa ṣíṣe ìlérí iṣẹ́ fún wọn. 21 nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe kó ẹni tí ẹ kò mọ ìwà rẹ̀ jọ nítorí pé àkókò ń lọ, kí ẹ má sì ṣe dúró di ìgbà tí ẹjọ́ bá dé kí ẹ tó fi ibi tí obìnrin lè ti fẹjọ́ sùn láìbẹ̀rù hàn án.

Ẹ má ṣe rọ̀ mọ́ ètò tí àrùn ti kọjá rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kọ́ ibùdó ìtọ́jú 11 ní Làìbéríà, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó parí wọn, àrùn náà ti ń rọlẹ̀. Aláìsàn Ẹ̀bólà 28 ni gbogbo wọn gbà, mẹ́sàn-án nínú wọn kò sì gba ẹyọ kan.

Àwọn onílé ni ẹrù wúwo jù lọ máa ń wà lọ́rùn wọn. Ó lé ní 500 òṣìṣẹ́ ìlera tí Ẹ̀bólà pa ní Gíní, Làìbéríà àti Sierra Leone, tí àwọn àgbà wa ń pè ní Sàró, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ìlú. Kò bójú mu kí àlejò máa wọ aṣọ ààbò tuntun nígbà tí nọ́ọ̀sì tí ó bá a dúró ti aláìsàn kan náà kò tíì gba owó oṣù. Ẹ má ṣe kó ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò lọ sí yàrá àyẹ̀wò yín nílé láìgba ìwé àṣẹ, ẹ má sì ṣe gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ láìkọ́ ẹni tí yóò máa lò ó. Bí ẹ bá sì ti padà sílé láti ibi tí Ẹ̀bólà wà, ẹ máa wọn ìgbóná ara yín ní àràárọ̀ àti ní alaalẹ́ fún ọjọ́ 21, kí ẹ sì ké sí àwọn aláṣẹ ìlera lọ́jọ́ tí ara yín bá kọ́kọ́ gbóná, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ èrò lọ sí ilé ìwòsàn.