Irin fàráńdà àtijọ́: wẹ́dà jó o, ó tún là

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì bàbá bàbá mi kan wà ní Òkè-Àdó, irin ọwọ́ fàráńdà ẹ̀ tó lọ́ bí ìwo àgbò yẹn ti ń jẹ nídìí, mo bá pe wẹ́dà, ó jó o, òjò ò tíì rọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹta tó fi là, ojú ibi tó jó gan-an ò là o, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni. Ó wá ní àfi ká gé gbogbo ẹ̀ dànù ká fi square pipe sí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Háà, má jẹ́ kó gé e o! Kò mọ irin tó ń jó ni. Irin ìsìnyí, mild steel, wọ́n ń yọ́ ọ di omi ni. Ti àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní wrought iron, kì í yọ́ dé bẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń rò ó nínú iná bí ẹni ń ro àmàlà títí á fi ki, wọ́n á gbé e síta, wọ́n á máa lù ú. Ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtí inú irin, kì í tán nínú ẹ̀, lílù yẹn ló ń fà á tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ bíi fọ́nrán inú ìrèké. Tí wẹ́dà bá wá jó o lójú lásán, awọ òkè nìkan ló mú, ìsàlẹ̀ á ṣí kúrò lára ẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé irú ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ìbéèrè gidi nìyẹn, torí mild steel ti gbòde kí wọ́n tó kọ́ ọ̀pọ̀ ilé Òkè-Àdó. Mú èyí tó ti já, fi akísọ̀ (ayùn irin) rẹ́ ẹ dé ìdajì, fi há fáìsì kó o tẹ̀ ẹ́. Tó bá fàya bí igi tútù, tó ń yọ fọ́nrán, òun ni. Tó bá dá pàkà lẹ́ẹ̀kan, irin àdàsílẹ̀ (cast iron) nìyẹn, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀.

Ìbéèrè: Ta ni kí n wá gbé e fún?

Ìdáhùn: Alágbẹ̀dẹ, àwọn tó ń rọ ọkọ́ àti àdá. Ibi tó jẹ nìkan ni kó gé, kó ki èyí tó kù àti irin irú ẹ̀ tó fẹ́ fi rọ́pò bọná títí wọ́n á fi funfun, kó lù wọ́n pọ̀, ewìrì àti owú ló ń ṣe é, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀. Tuntun ẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́, ilé iṣẹ́ tó ṣe é kẹ́yìn ní Bolton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kógbá wọlé ní 1973, torí náà lọ tú ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta irin àlòkù. Tó bá di dandan kí wẹ́dà jó o, kó fi filing machine gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bíi V dé inú, kó jó o kún, kó má fi jíjó ojú lásán tàn ẹ́.

Ìbéèrè: Ògiri ibi tí irin wọlé náà ti ń là o.

Ìdáhùn: Irin tó dógùn-ún ń wú ni, òun ló ń ti ògiri. Tó o bá fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹ̀ á tún di pẹ́nkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì ni. Họ ọ́ síta, fi wáyà bọ́rọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kun ún ní red oxide lẹ́ẹ̀mejì kó o tó rẹ́ ẹ padà, kó o jẹ́ kí ìdí ẹ̀ dagun díẹ̀ kí omi má dúró níbẹ̀.